Iyọ̀ Ọ̀gànjọ́ àti Ẹ̀kán Àjẹsára: Ohun Tí Ojú Wa Ti Rí ní Òkè Ọya

(A kọ ọ́ sílẹ̀ láti inú ohùn mẹ́ta tí wọ́n fi sínú gírúùpù, nítorí àwọn ará wa tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ò gbé ohùn.)

OHÙN KÌÍNÍ

  

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń jà ràn-ìn nínú gírúùpù wa láti ọjọ́ Ajé. Mo jókòó, mo ka gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún àwọn ọmọ. Mọ́kànlá ni láàárín ọjọ́ méjì. Èyí ní á sọ ọmọ di àgàn. Èyí ní kò séwu níbẹ̀. Èyí ní ìjọba ti dá a dúró. Èyí ní dókítà kan ní London ló sọ ọ́, kò sì dárúkọ dókítà náà. Ìyá kan nínú wa wá béèrè pé, "Nínú gbogbo eléyìí, èwo gan-an ni kí n mú?" Ìbéèrè yẹn ò kéré o. Ọmọ rẹ̀ ló ń béèrè lé lórí.

Èmi kì í ṣe dókítà, aṣọ ni mo ń tà. Àmọ́ mo ti wà ní Kánò yìí láti 1989, mo sì máa ń ka ìwé ìtàn tí ọjà bá dá. Ohun tí mo lè ṣe fún yín ni kí n sọ bí irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe ṣẹlẹ̀ rí, níbi tí a wà yìí gan-an, lójú gbogbo wa. Èrò tèmi ni pé irọ́ gbuuru ò lè pẹ́ nílẹ̀. Èyí tó ń pẹ́, tó ń pani lọ́mọ, ni èyí tí òótọ́ kékeré kan wà nínú rẹ̀, pàápàá òótọ́ tí ẹnì kan ti fi pa mọ́ fún wa tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn, tí gbogbo wa ṣì rántí. Iyọ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje 2014, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Liberia wá sí Èkó. Ara rẹ̀ ò yá kó tó gúnlẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ló kú, Ẹ́bólà ló pa á. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà ò ní jáde ní ọsibítù, bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu tó pé kó fi í sílẹ̀. Òun náà kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ẹ wò ó, ká ní ọkùnrin yẹn bọ́ sí ìgboro Èkó, mọ́tò wo ni kì bá wọ̀? Ó lè jẹ́ èyí tó ń kó ẹrù wa bọ̀ wá sí Kánò.

Ẹ̀rù bà wá. Ibi tí ẹ̀rù bá wà, tí òótọ́ ò tíì dé, nǹkan mìíràn á gba ibẹ̀ jókòó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ yẹn, ní ọ̀gànjọ́ òru, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, pásítọ̀ ń pe ọmọ ìjọ, ìyá ń pe ọmọ tó wà nílé ìwé. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́: ẹ po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, ẹ fi wẹ̀, ẹ mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí Ẹ́bólà má baà ràn yín. Kẹ́ ẹ tún sọ fún àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe máa ń yẹ ọjà wò. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ ló pè ọ́, o ò lè bínú sí i. Ó ní àkókò tó máa parí, ilẹ̀ ò gbọ́dọ̀ mọ́, torí náà kò sí àyè láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sì ná ọ ní kọ́bọ̀, torí iyọ̀ ò wọ́n ní ilé ìdáná ẹnikẹ́ni. Ta ni ò ní sáré? Ẹni tó ta irú ọjà yẹn mọ ọjà tà, àní bó ṣe pé eré ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ìròyìn láti Jọ́ọ̀sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, pé wọ́n ti ń gbé àwọn tó mu omi iyọ̀ lọ sí ọsibítù. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ọ̀rọ̀ jáde pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, àwọn tí Ẹ́bólà fúnra rẹ̀ pa nílẹ̀ wa kò tíì pọ̀ rárá. Iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ a máa fa omi kúrò nínú ẹran ara, títí dé inú ọpọlọ. Ẹni tó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, ẹ mọ ohun tí dókítà máa ń sọ fún un nípa iyọ̀.

Lẹ́yìn iyọ̀ ni orógbó dé. Ẹ̀yin tó ń ta orógbó, ẹ ò lè gbàgbé, torí owó rẹ̀ gbéra sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí iyọ̀, torí òun ní gbòǹgbò. Ní 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, ẹni tó wá ṣe alága àjọ elétò ìdìbò lẹ́yìn náà, sọ níbi àpérò kan ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, pé ohun kan tí wọ́n yọ láti inú orógbó dá kòkòrò Ẹ́bólà dúró nínú ìgò ìwádìí. Nínú ìgò o. Kì í ṣe lára èèyàn. Láti inú ìgò dé ara èèyàn, ọ̀nà jìn ju Kánò sí Èkó lọ, oògùn tó sì ń já sọ́nà yẹn pọ̀ ju èyí tó ń dé lọ. Àmọ́ nínú fóònù, àárín ìgò àti ara èèyàn pòórá, ó ku "ọ̀jọ̀gbọ́n ní orógbó ń wo Ẹ́bólà".

Kí ló wá gbà wá lọ́wọ́ Ẹ́bólà? Ẹsẹ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá àwọn aláìsàn náà pàdé, ní Èkó àti Port Harcourt, 894 èèyàn, wọ́n sì ń lọ bá wọn nílé lójoojúmọ́ láti wo bí ara wọn ṣe rí. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, ìbẹ̀wò náà tó 18,500. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà, mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, WHO kéde pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ yẹn ò dún lórí fóònù ẹnikẹ́ni ní ọ̀gànjọ́.

OHÙN KEJÌ

Ẹ má bínú, oníbàárà ló dé. Mo ti padà.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ jó bí iná ewé, ó sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí gba nǹkan bí ogún ọdún kó tó rọlẹ̀. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú wa máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé "àwọn Háúsá ni ò fẹ́ kí wọ́n fún ọmọ wọn ní àjẹsára." Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1996, àrùn yírunyírun, tí àwọn Háúsá ń pè ní sankarau, bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè Ọya. Ẹ̀yin tó wà níbí nígbà náà, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó lé ní 100,000 èèyàn tó mú ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn, àwọn tó kú sì lé ní 11,000. Ọmọdé ló pọ̀ jù. Ọsibítù àrùn àkóràn ní Kánò kún débi pé orí ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières ti wà níbẹ̀, wọ́n ń tọ́jú èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, oògùn chloramphenicol ni wọ́n ń lò, oògùn tí kò wọ́n, tó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Inú ọgbà ọsibítù yẹn kan náà ni Pfizer, iléeṣẹ́ olóògùn ńlá ti Amẹ́ríkà, wá pàgọ́ sí. Wọ́n ní oògùn tuntun kan, Trovan, tí ìjọba Amẹ́ríkà ò tíì fọwọ́ sí pé kí wọ́n máa tà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń wo yírunyírun lára ọmọdé. Wọ́n mú ọmọ 200. Wọ́n fún ìdajì ní Trovan, wọ́n fún ìdajì tó kù ní ceftriaxone, oògùn tí wọ́n ti mọ̀, láti fi wé e. Wọ́n parí iṣẹ́ wọn, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ, nígbà tí àjàkálẹ̀ náà ò tíì tán.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí o, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣi ìtàn yìí sọ. Ọmọ mọ́kànlá ló kú nínú àwọn 200 yẹn. Márùn-ún nínú wọn ló gba Trovan, mẹ́fà ló gba oògùn kejì. Yírunyírun fúnra rẹ̀ ń pa èèyàn, torí náà iye yẹn nìkan ò lè sọ pé oògùn ló pa wọ́n, Pfizer náà sì ń sọ títí dòní pé oògùn àwọn gba ẹ̀mí là. Ohun tó ń dun àwọn òbí yàtọ̀ síyẹn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Wọ́n rò pé ìtọ́jú ni, bíi ti àwọn dókítà ọ̀fẹ́ tó wà nínú ọgbà kan náà. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn fi ẹnu sọ fún wọn. Ìwé wà tó ní ìgbìmọ̀ ọsibítù fọwọ́ sí ìdánwò náà, àmọ́ wọ́n wá rí i lẹ́yìn náà pé wọ́n ti dá déètì orí rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Gbogbo èyí wà ní bòńkẹ́lẹ́ fún ọdún mẹ́rin àti àbọ̀. Ìwé ìròyìn Washington Post ló tú u síta ní oṣù kejìlá 2000. Ìjọba àpapọ̀ wa yan ìgbìmọ̀ láti wádìí rẹ̀, ìgbìmọ̀ kọ ìwé ní 2001, ìwé náà wọ inú dúrọ́ọ̀ kan, aráàlú ò rí i, títí ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà yẹn kan náà fi gbé e jáde ní 2006. Tiwa ni o! Àwa la san owó ìwádìí, òkèèrè la ti gbọ́ èsì rẹ̀.

Ẹ wá fi ara yín sí ipò bàbá kan ní Kánò ní 2003. Ó ti gbọ́ nípa Trovan. Ó rántí pé ní 1988, ìjọba Babangida gbé ìlànà kan jáde pé kí obìnrin má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ. Ó ń gbọ́ lórí rédíò pé Amẹ́ríkà ń ju bọ́ǹbù ní Iraq. Àìsàn èyí tọ́mọ rẹ̀ ní, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru, kò rí oògùn rẹ̀ gbà ní ọsibítù ìjọba àfi tó bá sanwó. Ló bá di pé lọ́jọ́ kan, àwọn obìnrin gbé àpótí tútù wá síwájú ilé rẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ yanu, ọ̀fẹ́ ni. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún padà wá. Wọ́n tún fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara ògiri rẹ̀. Àwa oníṣòwò, tí ẹnì kan bá ń lé wa kiri pẹ̀lú ọjà ọ̀fẹ́, tó sì mọ gbogbo ilé tí a ò tíì gbà á, kí la máa rò? Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ní ọdún yẹn ni Datti Ahmed, tó ń darí ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Supreme Council for Shari'ah, sọ pé wọ́n ti fi ohun tó ń sọ èèyàn di àgàn sínú àjẹsára rọpárọsẹ̀. Dókítà ìṣègùn gidi ni bàbá náà. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin tó ń sọ pé "dókítà ló sọ ọ́." Kánò dá àjẹsára dúró, Kàdúná àti Zamfara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Kánò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan gbáko.

Rọpárọsẹ̀ ò dúró dè wọ́n. Ẹ mọ bí àrùn yẹn ṣe ń rìn: inú ìgbẹ́ àti omi tí kò mọ́ ni, ọ̀pọ̀ ọmọ tó sì gbé e lára kò ní ṣàìsàn rárá. Ọmọ á wọ mọ́tò, á rìnrìn àjò, ara rẹ̀ á dá ṣáṣá, kòkòrò náà á sì bá a lọ. Kí 2003 tó parí, ó ti dé Gánà, Tógò, Burkina Faso àti Niger, ó padà wọ Èkó níbi tó ti kúrò tẹ́lẹ̀. Ẹ wo orúkọ àwọn ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ọ̀nà ọjà ni gbogbo wọn, ibi tí àwọn èèyàn Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà ti ń náwó ti ń nájà kí wọ́n tó bí bàbá mi. Láàárín ọdún díẹ̀, nǹkan bí ogún orílẹ̀-èdè tí kò ní in mọ́ ló tún rí i.

Gómìnà Ibrahim Shekarau ní àwọn ò kọ àjẹsára, àwọn kàn fẹ́ èyí tí àwọn lè fọkàn tán. Ìjọba Kánò wá ra tiwọn láti Indonesia, orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ padà ní ìparí oṣù keje 2004. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pé oògùn kan náà ni. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí ìgbà tí oníbàárà ní òun ò ra ọjà lọ́wọ́ lágbájá mọ́ ni, tó wá ra irú ọjà yẹn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lọ́wọ́ ta ni, ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ohun tó bani nínú jẹ́ ni pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 2005, rọpárọsẹ̀ tó ti Nàìjíríà jáde gba Sudan àti ọ̀nà Saudi Arabia dé Indonesia yẹn gan-an, tí wọn ò rí i láti bí ọdún mẹ́wàá. Ó lé ní ọmọ 300 tó rọ níbẹ̀.

Ní Nàìjíríà níbí, ọmọ 202 ni wọ́n kà pé rọpárọsẹ̀ mú ní 2002. Ní 2006, ó di 1,122. Ẹ̀ ń rí wọn lójú títì, wọ́n ti dàgbà báyìí, àwọn mìíràn ń fi kẹ̀kẹ́ ọwọ́ ṣòwò láàárín wa. Pfizer àti ìjọba Kánò parí ẹjọ́ tiwọn ní 2009, mílíọ̀nù 75 dọ́là, àwọn ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ sì gba 175,000 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 2011. Àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú nígbà tí a fi ń jiyàn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ó ṣe wá yí padà nìyí: àwọn tí aráàlú mọ̀ ló yí i. Sultan Sókótó àti àwọn ọba Òkè Ọya gbà á bí iṣẹ́, baálẹ̀ sí baálẹ̀, ìmáàmù sí ìmáàmù. Emir Muhammadu Sanusi Kejì ti Kánò mu àjẹsára náà fúnra rẹ̀ níwájú èrò. Kò rọrùn o. Ní oṣù kejì 2013, àwọn agbébọn yìnbọn pa àwọn obìnrin tó ń pín àjẹsára níbí ní Kánò, ó kéré tán, mẹ́sàn-án. Obìnrin tí wọ́n ń gba owó kékeré, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún padà síbi iṣẹ́. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020 ni WHO tó kéde pé rọpárọsẹ̀ inú ìgbẹ́, èyí tí kì í ṣe ti ara àjẹsára, ti tán ní gbogbo Áfíríkà, Nàìjíríà ló sì gbẹ̀yìn.

Torí náà, ẹ̀yin ìyá tó béèrè: iṣẹ́ mọ́kànlá yẹn, ẹ pa wọ́n tì ná. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn àdúgbò yín, ẹni tẹ́ ẹ mọ ojú rẹ̀, tẹ́ ẹ mọ ilé rẹ̀. Ẹ ní kó kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ fún yín, kó sọ àìsàn tó wà fún, ọdún tí wọ́n ti ń lò ó, ohun tí ara ọmọ lè ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tẹ́ ẹ máa pè tó bá ṣẹlẹ̀. Ẹ bi í bóyá ọmọ tiẹ̀ gbà á. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè gbogbo rẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ jágbe mọ́ yín. Ká ní wọ́n jẹ́ kí àwọn òbí 1996 béèrè bẹ́ẹ̀, 2003 ì bá rí bẹ́ẹ̀ bí?

OHÙN KẸTA

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ohùn kejì pé fóònù ló fa gbogbo rẹ̀, pé láyé àwọn bàbá wa kò sí wàhálà yìí. Mo fẹ́ dá a lóhùn ní kíákíá.

Ní oṣù kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ SS Bida gúnlẹ̀ sí Èkó, àwọn tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ńlá ayé ọjọ́un ti mú wà nínú rẹ̀. Rélùwéè ti dé Kánò láti 1912. Àrùn náà wọ ọkọ̀ ojú irin bí àwọn oníṣòwò ṣe ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ojúlé láti wá aláìsàn, èèyàn sá kúrò l'Ékòó, wọ́n sì gbé e dé ibi tí wọ́n sá lọ. Wọ́n ṣírò pé nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 18 tó wà ní Nàìjíríà, bí 500,000 ló kú láàárín oṣù díẹ̀. Kò sí fóònù. Ìròyìn tó wúlò ò tó nǹkan, àrùn sì ti dé ìlú kí ìkìlọ̀ tó dé. Torí náà, àìní ìròyìn náà ń pani.

2020 wá jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún yẹn, ní Munich, Tedros tó jẹ́ ọ̀gá WHO sọ pé yàtọ̀ sí àjàkálẹ̀ àrùn, àwọn tún ń bá àjàkálẹ̀ ìròyìn jà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i. Tí ọjà bá kún jù, tí gbogbo èèyàn ń pariwo nǹkan kan náà, oníbàárà ò ní mọ ojúlówó mọ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù ló máa tà. Òótọ́ nípa kòrónà wà láàárín wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kàn wà lábẹ́ ogójì nǹkan mìíràn ni: 5G ló fà á, nígbà tí kò tíì sí 5G títà ní Nàìjíríà, aláwọ̀ dúdú kì í kó o, ògógóró á pa á.

Chloroquine ńkọ́? Ọjọ́ 19 oṣù kẹta, Trump yìn ín ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ rárá tí Èkó fi ròyìn pé wọ́n ti gbé àwọn tó lo àlòjù rẹ̀ dé ọsibítù. Ẹ rí i, òótọ́ kékeré tún wà nínú ìyẹn. Oògùn tí gbogbo wa mọ̀ ni, òun ni ìyá wa fi wo ibà wa kí Nàìjíríà tó pa á tì fún ibà ní 2005. Ẹnu ààrẹ orílẹ̀-èdè ló sì ti jáde. Àmọ́ àlòjù rẹ̀ a máa da ìlù ọkàn rú, ìyẹn ò sì sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pín kiri.

Ẹ jẹ́ n fi èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò parí. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2020 ni wọ́n kéde aláìsàn kòrónà àkọ́kọ́ níbí. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ní Kánò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníròyìn pé òkú tó ń wọlé ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ooru mú, ọsibítù mìíràn tilẹ̀kùn torí ẹ̀rù. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò kòrónà ní Kánò dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan láàárín gbogbo rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ìtọ̀ ṣúgà ni, ibà ni, yírunyírun ni, kì í ṣe kòrónà. Nínú gírúùpù, àwọn kan ní ebi kónílé-ó-gbélé ló ń pa wọ́n, àwọn kan ní wọ́n ń pa wá ni, àwọn kan ní Kánò ti parí, kí gbogbo Yorùbá máa bọ̀ nílé. Àwọn kan gbé ẹrù lóru nítorí ohùn kan tí wọn ò mọ ẹni tó ni ín, ìjọba sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ẹ ronú ohun tí wọ́n lè gbé lọ bá ìyá àgbà nílé.

Ìjọba àpapọ̀ rán ìgbìmọ̀ kan wá, Dókítà Nasiru Sani Gwarzo ló darí rẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni mínísítà ètò ìlera, Osagie Ehanire, tó sọ ohun tí wọ́n rí: òkú 979 ni wọ́n kà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ kòrónà ló pa ìdajì wọn, tàbí kó lé díẹ̀ sí ìdajì. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìjọba ń sọ ò jẹ́ irọ́ pátápátá, torí kòrónà a máa tètè pa ẹni tó bá ní in. Òótọ́ kékeré náà nìyẹn. Àmọ́ láti ìgbà tí àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ti sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, ó lé ní oṣù kan. Láàárín oṣù yẹn, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ nìkan ni mo rò pé wọ́n sọ ohun tí wọ́n fojú rí, tí wọn ò sọ kọjá ẹ̀.

Mò ń kó ìrántí àwọn ará wa jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tó wà ní Jọ́ọ̀sì ní 2014, tí wọ́n pè yín lóru nítorí iyọ̀, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ sọ ẹni tó pè yín àti ohun tó ní kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ̀yin tó wà ní Kánò ní 1996, tí ẹ mọ òbí kan tó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù yẹn, èmi fúnra mi ni kẹ́ ẹ pè, ẹ má sọ ọ́ sínú gírúùpù.  Wọ́n ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù níbí.